Ọ̀nà tí Àìsàn Bárakú Gbà Wọ̀lú: Ìtàn Oúnjẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó wọ agbo ilé kan kí a má bá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, tàbí ẹni tí dókítà ti ka ṣúgà léèwọ̀ fún, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú lápá mú lẹ́sẹ̀. Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí pé ó fà á. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní ó ti wà nínú ìdílé wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù á sì ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, pé ẹnu aláìsàn ló kó bá a. Èrò tèmi yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ oúnjẹ ìlú méjèèjì yìí láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé àwọn àìsàn bárakú wọ̀nyí ní ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀lú. Àwọn ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá ló la ọ̀nà náà, wọ́n sì la èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàrin ìran kan péré, láti nǹkan bí ọdún 1970. Oúnjẹ tó yí padà ló gbé wọn wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló kọ́kọ́ yí i padà.

Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà méje ló wà nínú ìlú náà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń ná wọn. Lára ohun tó rí lórí àtẹ ni iṣu, ọkà, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrí, ẹ̀gúsí, ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ. Ó tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀gúsí kó ipa ńlá nínú oúnjẹ àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá wo àtẹ yìí dáadáa yóò rí ìlànà tó wà nínú rẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ti wá. Ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lónìí pé ẹran nìkan ló lè ṣe é, igi ẹmì tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn sì ń pèsè òrí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní àárín àwọn ọdún 1830, Aláàfin Àtìbà tẹ ààfin tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, èyí tó di ìlú Ọ̀yọ́ ti òní. Ògbómọ̀ṣọ́ tí odi rẹ̀ kò wó sì gba ọ̀pọ̀ àsáwọ̀lú mọ́ra. Ogun lé wọn kúrò nílé, kò lé ìlànà ìdáná wọn kúrò lọ́wọ́ wọn. Ní 1855 ni T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, fìdí kalẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1857, ó ṣàpèjúwe bí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ṣe máa ń tan fìtílà kọ̀ọ̀kan sídìí ọjà wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìdí tí ọjà fi máa ń kún ní ìrọ̀lẹ́ kò ṣòro láti mọ̀: ojúmọmọ ni àkókò oko.

Iṣẹ́ oko yìí ló ń darí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Inú ìlú ni àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé, bí oko etílé rẹ̀ bá sì wà nítòsí, oko ẹgàn rẹ̀ lè jìnnà tó ọ̀pọ̀ máìlì, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi rìn ín lọ, tí yóò fi rìn ín bọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹrù lórí. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń panu. Lóko, wọ́n á sun iṣu jẹ. Lálẹ́ ni oúnjẹ gidi, ọkà èlùbọ́ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tàbí ilá, tàbí ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, òdú, ẹbòlò, yánrin, ewúro, oníkálùkù ní àkókò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì gbìn. Ẹran wà, wàrà àwọn Fúlàní sì wà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọ inú ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà ọdún àti ìgbà ìnáwó ni ẹran ń pọ̀ nínú àwo. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nǹkan kan níhìn-ín, nítorí ó ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan àwọn obìnrin ayé òde òní. Ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í sè é. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ àti alákàrà ni. Oúnjẹ rírà jẹ ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àìsàn dé nítorí pé àwọn ìyàwó kò dáná mọ́, ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ohun tí a ní láti béèrè ni ohun tó wà nínú oúnjẹ tí a ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo méjì péré nínú àwọn ohun ìsebẹ̀ ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú, yóò se èso igbá láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí ó tó rọ̀. Yóò gún un tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo líle rẹ̀ lè bó, yóò ṣàn án nínú omi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tún un sè, yóò fi ewé bò ó, yóò sì wé e kí ó lè móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Adùn irú kò ti inú iyọ̀ wá, inú èso yẹn fúnra rẹ̀ ló ti wá, èso náà sì kún fún èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èlùbọ́, yóò bẹ iṣu, yóò rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí kò hó di ọjọ́ kejì, yóò sá a sórí àpáta títí tí yóò fi gbẹ kanrankanran, kí ó tó gún un, kí ó tó kù ú. Bí a bá ka iye wákàtí tí apá àti ẹsẹ̀ fi ṣiṣẹ́ kí àwo ọkà kan àti ọbẹ̀ rẹ̀ tó délẹ̀, a ó rí i pé iṣẹ́ àti oúnjẹ kò ṣeé yà nípa. Adùn ṣòro láti rí. Ohun tí ń dun ẹnu láìfi iṣẹ́ ṣe, bí oyin àti ìrèké, kì í ṣe ohun ojoojúmọ́.

Èmi kò sọ pé oúnjẹ ayé àtijọ́ wà lójú kan láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Samuel Johnson, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ pé ayé Aláàfin Ọbalókun ni iyọ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, pé òbu tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún àti gáàrì náà sì ti ibẹ̀ wá. Kí ló wá dé tí àwọn àlejò wọ̀nyẹn kò fi kó ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wọ̀lú? Ìdáhùn mi ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé yàtọ̀. Wọ́n wá díẹ̀díẹ̀, láàrin ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n wọ oko kí wọ́n tó wọ ìkòkò, ọwọ́ àwọn ará ìlú ló rẹ wọ́n, tó lọ̀ wọ́n, tó sì mú wọn kan, wọ́n sì jókòó ti ẹ̀wà, ewé àti irú nínú àwo kan náà. Iyọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń rù ú wá, owó gidi ni wọ́n sì ń fi rà á, ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí ọwọ́ rọ̀ lórí rẹ̀. Ìlú lè gba oúnjẹ àjèjì mọ́ra bí àyè bá wà fún un láti fi í sí ipò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ara àwọn bàbá wa le ju tiwa lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ìyàn ń mú, ṣànpọ̀nná ń pa ènìyàn, sòbìyà ń dá àgbẹ̀ dúró sílé, gẹ̀gẹ̀ sì ń yọ lọ́rùn àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní áyódíìnì, ohun tí iyọ̀ aláyódíìnì tí Nàìjíríà sọ di ọ̀ranyàn láti 1993 ti ṣe gudugudu méje láti dín kù. Àwọn àrùn ọgbẹ́, ibà àti ẹ̀tẹ̀ ló gba ọwọ́ àwọn dókítà Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Dókítà George Green ti dé ní 1907. Ilé ìwòsàn tó ti inú iṣẹ́ náà jáde ni a mọ̀ sí Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí. Àsìkò yẹn náà ni búrẹ́dì, tíì, ṣúgà àti ẹja alágolo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ní ilé àwọn ajíhìnrere, ní ilé àwọn akọ̀wé àti olùkọ́, irú àwọn tí St. Andrew's College ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ láti 1896. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àwọn díẹ̀ ni. Ìrẹsì, oúnjẹ Kérésì àti Iléyá ni. Láti ìgbà Clapperton títí di ìgbà òmìnira, ó ju àádóje ọdún lọ tí àwo alágbẹ̀dẹ àti ti àgbẹ̀ ní ìlú méjèèjì fi dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn òmìnira ni nǹkan yí padà, kíákíá ló sì yí. Wọ́n dá Flour Mills of Nigeria sílẹ̀ ní Àpápá ní 1960, kí ó lè máa lọ àlìkámà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti òkè òkun. Láti 1953 ni wọ́n ti ń rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Síbẹ̀, owó epo rọ̀bì ti àwọn ọdún 1970 ló sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí di ti tẹrú tọmọ. Náírà lágbára, ọjà òkèèrè wá pọ́ọ́kú, owó Údójì ti 1974 sí 1975, ìyẹn àfikún owó oṣù ìjọba, sì wà lápò àwọn òṣìṣẹ́. Búrẹ́dì wá rọrùn láti rí ju ẹ̀kọ lọ, nítorí owó epo ni wọ́n fi ń ra àlìkámà, kò sì sí ẹni tó ń fi owó kankan ran ẹlẹ́kọ lọ́wọ́. Ìrẹsì kúrò ní oúnjẹ ọdún, ó di oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà ó di ti ojoojúmọ́. Ní 1985, Gunilla Andrae àti Björn Beckman tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní The Wheat Trap, níbi tí wọ́n ti fi hàn pé Nàìjíríà ti kó sínú pańpẹ́ àlìkámà, pé ilé iṣẹ́, oníbúrẹ́dì àti olùjẹ ni wọ́n jọ há sínú rẹ̀. Ìjọba gbìyànjú láti já a: wọ́n fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fòfin de àlìkámà ní 1987. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé òfin àlìkámà kúrò ní 1992, ti ìrẹsì ní 1995. Ọ̀fun ti mọ̀ ọ́n lára, àwọn ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ kí ó gbàgbé. Indomie dé láti òkèèrè ní 1988. Nígbà tó fi di 1995, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Màgí gba ipò irú nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò, òróró inú kẹ́ẹ̀gì lé òrí lọ pátápátá, ọ̀kadà sì gba ipò ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìyípadà yìí ṣe sí ara. Hóró màgí kan, iyọ̀ ló kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrẹ́dì ní iyọ̀ tí ahọ́n kò tilẹ̀ fura sí. Àpò kékeré tó ń bá núdùlù wá, iyọ̀ kó apá ńlá nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan tí a dọ́gba ẹnu rẹ̀. Iyọ̀ tó bá ju agbára kíndìnrín lọ yóò máa dá omi dúró nínú ẹ̀jẹ̀, omi yìí á sì fi agbára pọ̀ sí i lára òpó ẹ̀jẹ̀ títí tí òpó náà yóò fi le tàbí kí ó bẹ́. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláàbọ̀ lítà kan ní nǹkan bíi gíráàmù 50 ṣúgà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ṣúgà àfikún tí àjọ náà fọwọ́ sí fún odindi ọjọ́. Búrẹ́dì funfun àti núdùlù kì í pẹ́ nínú kí wọ́n tó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ ti yọ apá tí inú kì í tètè dà kúrò lára wọn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tí ènìyàn sì jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀rá á kó jọ sí ìbàdí àti inú, ínsúlíìnì tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ mọ́. Kì í ṣe ohun tuntun kan ló dá ara lágara. Iyọ̀ pọ̀ sí i, ṣúgà pọ̀ sí i, òróró pọ̀ sí i, ewé dín kù, ẹ̀wà dín kù, ìrìn dín kù, gbogbo rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rí wà fún ohun tí mo ń sọ yìí, kò sì jìnnà sí wa. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹni tó lé ní 10,000 tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará Ìgbò-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára wọn. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ìdá 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, ìdá 33 ní Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ ti ìtọ̀ ṣúgà tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 2 ní Nàìjíríà, ìdá 9 ní Caribbean, ìdá 11 láàrin àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1997 nìyẹn. Láti ìgbà náà, Nàìjíríà ti ń tọ ọ̀nà kan náà láìkúrò nílé. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 1992 sọ pé ìdá 2.2 ló ní ìtọ̀ ṣúgà; nígbà tí Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, ó ti súnmọ́ ìdá 6. Ti rọpárọsẹ̀ ló wá ṣe kedere jù. Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti ikọ̀ rẹ̀ fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò mú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Lára ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, ni àìjẹ ewébẹ̀ tó, bíbu iyọ̀ kún oúnjẹ tó ti wà lórí tábìlì, jíjẹ ẹran déédéé, ìbàdí tó tóbi àti àìṣeré ìdárayá. Ẹni tó bá ka àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́yìn tó ti ka ohun tó wà lórí àtẹ Ọ̀yọ́-Ilé yóò mọ ohun tó sọnù.

Àwọn kan yóò ní àwọn àìsàn yìí ti wà tipẹ́, pé kò sí ẹ̀rọ tí a fi lè mọ̀ wọ́n ni, pé àwọn ènìyàn kì í sì í pẹ́ láyé tó kí wọ́n tó kọlù wọ́n. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. A ti ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i sì ń mú kí iye tí a mọ̀ pọ̀ sí i. Mo tún gbà pé a kò lè gbé iye ẹ̀jẹ̀ ríru ti 1992 lé ti òní lórí lọ́wọ́ kan, nítorí 160 sí 95 ni wọ́n fi ṣe ààlà nígbà náà, 140 sí 90 sì ni ti òní. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yìí kò lè dáhùn ìwádìí Cooper, níbi tí ìlànà kan náà, àsìkò kan náà àti ìṣirò tó ka ọjọ́ orí sí ti fi ìyàtọ̀ tó ìlọ́po méjì hàn. Ìwádìí yẹn kan náà ló dáhùn àwọn tó ń sọ pé ti ìdílé ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá kan náà ló wà lára ará Ìgbò-Ọrà àti ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Bí ìdílé nìkan bá ni, ì bá má sí ìyàtọ̀. Ìdílé lè mú kí ẹnìkan tètè ṣubú ju ẹlòmíràn lọ, àmọ́ ohun tó taari gbogbo ìlú kan wà níta ara. Ní 2015 pàápàá, àwọn onímọ̀ tí O'Keefe ṣáájú wọn pààrọ̀ oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú 20 ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti 20 mìíràn ní abúlé South Africa. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi ṣe é, àwọn àmì tó ń tọ́ka sí ewu jẹjẹrẹ ìfun sì ti yí padà nínú àwùjọ méjèèjì, ti ẹni tó gba oúnjẹ abúlé ń dára sí i, ti ẹni tó gba oúnjẹ Amẹ́ríkà ń burú sí i.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: ṣebí ọkà náà ni àmàlà, ṣebí sítáàṣì ni iyán àti láfún, kí ló dé tí a kò fi dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Àmàlà púpọ̀ yóò gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ògì tí a ti sẹ́ èèrí rẹ̀ dànù náà kò ní apá líle mọ́, èèpo ẹ̀wà pàápàá ni a máa ń bó kí a tó se gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n a kò jẹ àmàlà lásán rí. Gbẹ̀gìrì àti ewédú tó ń bá a rìn ń fa dídà rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi èròjà kún un, ẹni tó jẹ ẹ́ sì ti rìn ín jáde lára kí ó tó jẹ ẹ́. Bí a bá ń jẹ ìwọ̀n àmàlà àgbẹ̀ nígbà tí a ń jókòó bí akọ̀wé, tí a sì ti dín ewédú kù tí a fi kún ẹran ọlọ́ràá àti ṣàkì, àmàlà yẹn kò lè gbà wá. Ìdí nìyí tí n kò fi ń pe ẹnikẹ́ni padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ìbílẹ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń pè wá padà sí: ewé tó pọ̀, ẹ̀wà déédéé, ẹran díẹ̀, iyọ̀ ráńpẹ́, òkèlè tó bá iṣẹ́ ara mu.

Àtakò kẹta ló kan àwọn tálákà, òun ni mo sì kà sí jù. Wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, pé ẹni tí ebi ń pa kò ní àyè láti máa yan èwo ló dára. Ìyá tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní agogo méje àárọ̀ kò ní wákàtí tí yóò fi se ẹ̀wà. Núdùlù jinná láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó kẹ́rosíìnì tàbí gáàsì rẹ̀ sì kéré. Mo gbà á tọkàntọkàn. Òun gan-an ni ìdí tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí wọ́n ti fi owó epo orílẹ̀-èdè sọ búrẹ́dì di pọ́ọ́kú lójú rẹ̀, tí wọ́n fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ ọmọ rẹ̀ ní orin núdùlù, tí ẹ̀wà sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, kò yẹ kí a tún fi àìsàn rẹ̀ bú u. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mángòrò rẹ̀ lókìkí káàkiri Nàìjíríà, èso ń jẹrà lábẹ́ igi ní àkókò rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń fi owó oúnjẹ ilé ìwé ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tó dá ètò yẹn sílẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìpinnu ènìyàn ló la ọ̀nà náà, ìpinnu ènìyàn lè dí i. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀: òfin ìṣúná ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà kọ̀ọ̀kan, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, sì gbé òfin jáde láti dín ọ̀rá búburú tí ilé iṣẹ́ ń ṣe kù sí gíráàmù 2 nínú gíráàmù 100 òróró. Ó dára, ṣùgbọ́n náírà 10 kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró lójú owó ọjà òní, nígbà tí òfin ìṣúná náà sì jáde, kò tíì sí ohun tó jọ ọ́ fún iyọ̀ inú búrẹ́dì àti màgí. Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè ju owó orí lọ. Ó ń béèrè pé kí owó tí ìjọba ń ná lórí oúnjẹ ọmọ ilé ìwé lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́, kí àwọn aṣèrú àti aṣèlùbọ́ rí ẹ̀rọ tó máa dín làálàá wọn kù láìba ọjà wọn jẹ́, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti nínú ọjà kí ó tó di rọpárọsẹ̀. Ní ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé kí irú padà sínú ìkòkò kí màgí sì dín kù, kí àwo ìnáwó má jẹ́ ìrẹsì àti ẹran díndín nìkan, kí ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn má gun ọ̀kadà. Àádọ́ta ọdún péré ni a fi tú ìlànà tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lò fún ọ̀pọ̀ ìran. Kò sí ìdí tí a kò fi lè tún un tò kí àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lónìí tó pé ogójì ọdún, ọjọ́ orí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń mú ọ̀pọ̀ àwọn òbí wọn.